Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther: Ọmọ Tí A Kó Lẹ́rú, Tó Fi Ìwé Lé Àwọn Ọmọ Wa Lọ́wọ́

 

Kí a tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn wa, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa ní ìbéèrè kan. Bí a bá wọ ilé wa lónìí, yálà ní Ọ̀dẹ̀dá, ní Òṣíẹ̀lẹ̀, ní Ìlùgùn tàbí ní Ọ̀pẹ́jì, tí a ní kí ọmọ kó gbogbo ìwé tó wà nínú ilé jáde, irú ìwé wo ni yóò kó jáde? Yóò mú Bíbélì wá, yóò mú ìwé orin wá. Yóò kó ìwé tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ wá. Bóyá yóò rí ìwé àlọ́ ìjàpá kan mú wá. Ṣùgbọ́n ìwé tó ń sọ bí ẹ̀gẹ́ ṣe ń ta gbòǹgbò ńkọ́? Ìwé tó ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń rìn nínú ara, bí ẹ̀fọn ṣe ń kó ibà ràn wá, tàbí bí àwọn Ẹ̀gbá ṣe dé abẹ́ Olúmọ ní ọdún 1830, ǹjẹ́ ọmọ wa ní in? Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni a ń pè ní ìwé ìmọ̀ nínú ọ̀rọ̀ wa yìí: ìwé tí kì í ṣe àlọ́, tó ń sọ fún ọmọdé nípa ayé tí Ọlọ́run dá àti àwọn ènìyàn tó gbé inú rẹ̀ ṣáájú wa.

Ìdí nìyí tí a fi mú ìtàn Bíṣọ́ọ̀bù Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther wá fún yín. Gbogbo wa la mọ orúkọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣe ìtumọ̀ Bíbélì, àti gẹ́gẹ́ bí ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù nínú Ìjọ Áńgílíkà. Ṣùgbọ́n apá kan wà nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ, òun náà ni iṣẹ́ ìwé tó ṣe fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé, lọ́mọdé àti lágbà. Apá yẹn ni a fẹ́ dúró lé lórí.

Ọmọ Òṣoogùn

Ní nǹkan bí ọdún 1809 ni wọ́n bí Àjàyí ní ìlú Òṣoogùn, ní ẹkùn Ìsẹ́yìn. Orúkọ rẹ̀ ti sọ bí ó ṣe wá sáyé: ó dojú bolẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i. Áfálá ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ní ọdún 1821, nígbà tí Àjàyí tó ọmọ ọdún méjìlá tàbí mẹ́tàlá, ogun já wọ Òṣoogùn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí àwọn obìnrin ń múra oúnjẹ àárọ̀. Bàbá rẹ̀ sáré wá sílé láti sọ fún wọn pé kí wọ́n sá, ó sì padà síbi ìjà. Àjàyí kò tún fi ojú kàn án mọ́.

Wọ́n fi okùn so Àjàyí, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì. Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò yìí ṣì wà lẹ́nu ọmú. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pín wọn níyà. Wọ́n fi Àjàyí pààrọ̀ ẹṣin, wọ́n dá a padà, wọ́n tún tà á, láti ọwọ́ ọ̀gá kan sí òmíràn, títí ó fi dé Èkó. Nígbà kan lójú ọ̀nà, ìbẹ̀rù pé wọn yóò tà á fún àwọn òyìnbó mú un débi pé ó fẹ́ gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, ẹ rò ó wò: ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rìnlá!

Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, wọ́n kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ keje oṣù náà, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì tó ń ṣọ́ òkun nítorí òwò ẹrú gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ wọn. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹfà ni wọ́n gúnlẹ̀ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró, níbi tí wọ́n ti ń tú àwọn ẹrú sílẹ̀. Wọ́n mú Àjàyí lọ sí abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Bathurst, lábẹ́ àbójútó àwọn míṣọ́nnárì ẹgbẹ́ C.M.S.

Eépìnnì kan

Ibí yìí ni ìtàn ìwé ti bẹ̀rẹ̀ nínú ayé rẹ̀. Ní ọjọ́ tí Àjàyí kọ́kọ́ rí lẹ́tà ABD, ó dùn mọ́ ọn débi pé kò fẹ́ dúró kí wọ́n tó tún fi hàn án ní ilé ẹ̀kọ́. Ó lọ tọrọ eépìnnì kan lọ́wọ́ ará ilé rẹ̀ kan tó wà níbẹ̀, ó sì fi ra káàdì ABD ti ara rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé kò tọrọ owó oúnjẹ, kò sì tọrọ owó aṣọ. Ohun tí yóò jẹ́ tirẹ̀, tí yóò máa wò ní àkókò tó bá wù ú, ni ó wá.

Láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ó ti lè ka Májẹ̀mú Tuntun ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n fi ṣe mọ́nítọ̀, ìyẹn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ń san kọ́bọ̀ méje àti eépìnnì fún un lóṣù. Wọ́n tún kọ́ ọ ní iṣẹ́ káfíńtà. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kejìlá ọdún 1825 ni ó ṣe ìrìbọmi, tó sì gba orúkọ Samuel Crowther, orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n mú un lọ sí ìlú òyìnbó fún oṣù díẹ̀, ó sì lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní Islington. Nígbà tí wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ gíga Fourah Bay sílẹ̀ ní ọdún 1827, ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ níbẹ̀.

Ó gbé Àsánò níyàwó, ẹni tí orúkọ ìrìbọmi rẹ̀ ń jẹ́ Susan. Òun náà ni wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, òun náà kọ́ ìwé, ó sì di tíṣà. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin bíi tiwa rántí rẹ̀. Bí ọkọ bá ń lọ sí ìrìn àjò, ìyàwó ló ń tọ́ ọmọ, òun ló sì ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn ọmọ tirẹ̀ pàápàá di ènìyàn pàtàkì: Dandeson di àlùfáà àgbà, Abigail sì fẹ́ àlùfáà T. B. Macaulay, ẹni tó dá ilé ẹ̀kọ́ C.M.S. Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1859. Ọmọ Abigail ni Herbert Macaulay tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀.

Ó dé Abẹ́òkúta, ó sì rí ìyá rẹ̀

Ní ọdún 1841, Crowther bá àwọn tó lọ wo Odò Ọya rìn. Ọ̀pọ̀ àwọn òyìnbó tó wà nínú ìrìn àjò náà ni ibà pa. Lẹ́yìn èyí, wọ́n pè é sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù, wọ́n sì fi jẹ oyè àlùfáà ní ọdún 1843. Ní ọdún kan náà ni ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ lórí èdè Yorùbá jáde. Nígbà tó padà sí Freetown, ní oṣù kìíní ọdún 1844, ó ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá fún àwọn ènìyàn wa tó wà níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn Ẹ̀gbá tí wọ́n tú sílẹ̀ ní Sàró ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé ní àkókò yìí. Àwọn ni wọ́n ránṣẹ́ pé kí àwọn àlùfáà tẹ̀ lé wọn wá. Àwa Mẹ́tọ́díìsì ni a kọ́kọ́ dáhùn: Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1842, ó sì wọ Abẹ́òkúta ní oṣù kejìlá ọdún náà, níbi tí Ṣódẹkẹ́ ti gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Henry Townsend ti C.M.S. wọlé tẹ̀ lé e ní oṣù kìíní ọdún 1843. Crowther àti Townsend jọ dé Àgbádárìgì ní ọdún 1845, ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́ ti kú, ọ̀nà kò sì dára. Ó di oṣù kẹjọ ọdún 1846 kí wọ́n tó dé Abẹ́òkúta. Townsend dúró sí Aké, Crowther sì lọ sí Ìgbẹ́ìn.

Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó dé tí ó fi rí ìyá rẹ̀. Áfálá ń gbé ní ìletò kan tí kò jìnnà sí Abẹ́òkúta nígbà tó gbọ́ pé ọmọ òun tí ogun kó lọ ti dé. Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹjọ ọdún 1846, ìyá àti ọmọ tún fojú kan ara wọn lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Wọn kò lè sọ̀rọ̀. Wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n sì ń wo ara wọn, omi sì ń dà lójú wọn. Áfálá kò tún padà lẹ́yìn ọmọ rẹ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kejì ọdún 1848, ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe ìrìbọmi ní Abẹ́òkúta, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hánnà, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì. Ó pẹ́ láyé gan-an. Ọdún 1883 ni ó tó sùn nínú Olúwa.

Bí ó ṣe ṣe ìwé

Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ níbí yìí. Lónìí, bí a bá fẹ́ ìwé fún ọmọ, a ó lọ rà á ní ìsọ̀ ìwé. Nígbà náà kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ ní èdè wa. Kí ọmọ Ìgbẹ́ìn tó lè kàwé ní èdè ìyá rẹ̀, ẹnìkan ní láti kọ́kọ́ pinnu lẹ́tà tí a ó fi kọ ọ́. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kò tó. Bí a bá fi lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì lásán kọ ọ́, báwo ni ọmọ yóò ṣe mọ oko tí à ń ro yàtọ̀ sí ọkọ tó ni ilé? Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí tó yanjú. Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbìyànjú ọ̀nà yìí, wọ́n gbìyànjú tọ̀hún, wọ́n sì gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ èdè ní ilẹ̀ Yúróòpù, irú bíi Lepsius ti ilẹ̀ Jámánì. Láti inú ìjíròrò wọ̀nyí ni àmì tí à ń fi sábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ ti fìdí múlẹ̀. Ní ọdún 1875, ìpàdé pàtàkì kan wáyé ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè Yorùbá, Crowther ni ó sì jẹ́ alága rẹ̀. Nígbà tí ọmọ wa bá fi àmì sábẹ́ lẹ́tà lónìí, iṣẹ́ àwọn wọ̀nyí ni ó ń jẹ.

Lẹ́yìn lẹ́tà, ọ̀rọ̀ ló kàn. Crowther kò jókòó sínú yàrá kó máa ro ọ̀rọ̀ jọ. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n mú un kúrò nílé, ó sì mọ̀ pé èdè àgbà ṣòro fún ẹni tí kò gbé láàárín àgbà. Nítorí náà ó ń jókòó ti àwọn àgbàlagbà, ó ń tẹ́tí sí wọn níbi tí wọ́n ti ń dájọ́, tí wọ́n ń kí ara wọn, tí wọ́n ń pa òwe. Ó ń bi àwọn abọ̀rìṣà léèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbàgbọ́ wọn yàtọ̀ sí tirẹ̀. Bó bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀, yóò kọ ọ́ sílẹ̀.

Èso iṣẹ́ yìí ni ìwé atúmọ̀ èdè àti gírámà rẹ̀ tó jáde ní ọdún 1852. Orúkọ ẹranko àti igi wà níbẹ̀, orúkọ irinṣẹ́ wà níbẹ̀, òwe àwọn baba wa sì pọ̀ nínú rẹ̀. Bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ìwé ìmọ̀ ni. Ó kó ayé àwọn Yorùbá ìgbà náà jọ sínú ìwé kan. Ó tún ṣe ìwé ABD fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kí ọmọ tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ àti àgbà tó wá sí ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi lè ní ohun tí wọ́n ó dì mú lọ́wọ́.

Iṣẹ́ Bíbélì náà ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. Ìwé Róòmù jáde ní ọdún 1850, Lúùkù àti Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì tẹ̀ lé e ní ọdún 1851, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn bíi àlùfáà Thomas King. Ó gba ju ọgbọ̀n ọdún lọ kí odindi Bíbélì tó parí. Àwa Mẹ́tọ́díìsì náà jẹ nínú rẹ̀. Nínú ilé ẹ̀kọ́ tiwa àti nínú ìjọ tiwa, èdè tí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tò sílẹ̀ ni a fi kàwé.

Iná, Odò Ọya, àti ìbànújẹ́ ọjọ́ ogbó

Iṣẹ́ náà kò lọ láìsí ìpọ́njú. Ní ọdún 1862, iná jó ilé Crowther ní Èkó. Àwọn ọ̀rọ̀ àti òwe tó ti ń kó jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ jáde jóná. Ìtumọ̀ ìwé Ẹ́kísódù tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí jóná pẹ̀lú. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ kọ nǹkan rí nìkan ló lè mọ irú àdánù èyí. Kò sí ẹ̀dà kankan tí yóò lọ mú níbòmíràn. Síbẹ̀ ó tún jókòó, ó tún mú kálàmù.

Láti ọdún 1857 ni ó ti ń ṣe olórí iṣẹ́ ìhìnrere lójú Odò Ọya. Ibikíbi tó bá dé, ohun kan náà ni ó ń ṣe: ó ń wá bí ọmọ ibẹ̀ yóò ṣe kàwé ní èdè ibẹ̀. Ó ṣe ìwé ABD fún àwọn Ìgbò ní ọdún 1857, ó sì ṣe ti àwọn Tápà ní ọdún 1860. Kì í ṣe èdè tirẹ̀ ni wọ́n, ṣùgbọ́n kò rí i pé ó tọ́ kí ọmọ Tápà kọ́kọ́ di ọmọ Yorùbá tàbí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kó tó lè mọ ìwé. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà ọdún 1864, wọ́n fi jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury.

Ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀ kò rọrùn. Àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó kan dé sí ìjọ Odò Ọya, wọ́n ń wá àléébù sí iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró lójú rẹ̀. Ní ọdún 1890, níbi ìpàdé kan ní Onitsha, wọ́n dójú ti arúgbó náà débi pé ó kúrò nínú ìgbìmọ̀ wọn. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1891. Àwọn tó fi ẹ̀sùn kàn án, ta ló rántí orúkọ wọn lónìí? Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń ka Yorùbá ní Ọ̀dẹ̀dá ń jẹ nínú ohun tí Àjàyí fi sílẹ̀.

Àwọn tó gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀

Iṣẹ́ náà kò kú pẹ̀lú rẹ̀. Kí Crowther tó kú rárá ni Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn fún àwọn Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní Abẹ́òkúta ní oṣù kejìlá ọdún 1859, kí àwọn ènìyàn lè ní ohun tuntun kà. Ìwé ìròyìn náà ń jáde títí di ọdún 1867, nígbà tí Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀ tí wọ́n sì lé àwọn òyìnbó kúrò nílùú. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ọmọ ilẹ̀ wa fúnra wọn gbé ìwé kíkọ karí. Olóyè J. F. Ọdúnjọ, ọmọ Ìbarà ní Abẹ́òkúta níbí, ṣe Aláwìyé tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi kọ́ Yorùbá ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ dán ohun tí Crowther gbà gbọ́ wò. Wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ. Èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ wọn. Ohun tó kọ́kọ́ dí wọn lọ́wọ́ ni pé kò sí ìwé. Wọ́n ní láti jókòó kọ ìwé sáyẹ́ǹsì àti ìwé ìṣirò ní Yorùbá fúnra wọn. Nígbà tí ọdún mẹ́fà pé, àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ọmọ tó bá lóye ohun tó ń kà, ibi yòówù tó bá lọ, òye náà ń bá a lọ.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún àwa ìyá

Ẹ̀yin arábìnrin wa, kí ni a rí kọ́ nínú ayé ọkùnrin yìí?

Èkíní, ọmọ nílò ìwé tí yóò jẹ́ tirẹ̀. Eépìnnì kan ni Àjàyí tọrọ, ohun tó sì tibẹ̀ jáde kò ṣeé fi owó rà. A máa ń dá aṣọ ẹgbẹ́ fún àjọ̀dún, kò sì burú. Ṣùgbọ́n bí a bá lè dá aṣọ ọdún kan fún ara wa, a lè ra ìwé kan fún ọmọ kan. Kí ó jẹ́ ìwé tó ní àwòrán, tó ń sọ nípa ara ènìyàn, nípa ẹyẹ, nípa ọ̀gbìn, nípa ìtàn Ẹ̀gbá. Kì í ṣe ìwé ìdánwò nìkan ni ìwé. Ọmọ tó bá ń kàwé nítorí ìdánwò nìkan yóò ti ìwé pa lọ́jọ́ tí ìdánwò bá parí.

Èkejì, kí a má ṣe bẹ̀rù ìbéèrè ọmọ. Bí ọmọ bá bi wá pé kí ló dé tí òjò fi ń rọ̀, ọ̀pọ̀ wa a máa sọ pé kó lọ gbálẹ̀. Ọlọ́run ló dá òjò, òótọ́ ni. Ẹni tó dá òjò náà ló dá ọpọlọ tí ọmọ fi ń béèrè. Ìwé ìmọ̀ kì í bá ìgbàgbọ́ jà. Crowther ń ṣe ìtumọ̀ Róòmù lọ́wọ́ kan, ó ń kọ orúkọ igi àti ẹranko lọ́wọ́ kejì, kò sì rí ìjà láàárín wọn.

Ẹ̀kẹta, ìmọ̀ pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ìyá àgbà wa, iná sì lè jó o. Iná tó jó ìwé Crowther ní 1862 jọ ikú tó ń mú àgbà lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ ohun tó mọ̀ sílẹ̀. Orúkọ oríṣiríṣi iṣu tí wọ́n ń gbìn ní agbègbè Ọ̀dẹ̀dá, bí a ṣe ń re aṣọ àdìrẹ sínú aró, ewé tó wà fún kí ni, ìtàn bí a ṣe tẹ abúlé kọ̀ọ̀kan dó: ẹ jẹ́ kí ọmọ wa jókòó ti ìyá àgbà, kí ó mú ìwé àti bírò, kí ó béèrè, kí ó sì kọ. Bí wọ́n bá kọ ọ́ mọ́ níní, tí a sì dì í pọ̀, ìwé ìmọ̀ ni yóò jẹ́ fún àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ̀kẹrin, ohun tí agbára ẹnì kan kò ká, agbára ẹgbẹ́ á ká a. Ilé ìkàwé kì í ṣe ilé ńlá dandan. Àpótí kan tó ní kọ́kọ́rọ́, tó wà ní ẹ̀yìn ilé ìjọsìn, tí ìwé ogún tàbí ọgbọ̀n wà nínú rẹ̀, tí ìyá kan sì ń kọ orúkọ ọmọ tó yá ìwé àti ọjọ́ tí yóò dá a padà, ilé ìkàwé ni. Lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, kí ọmọ mú ìwé kan lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kí ó sọ ohun kan tó rí kọ́ nínú rẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Bí a bá ní ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, ẹ jẹ́ kí a bi ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ léèrè tìfẹ́tìfẹ́ nípa àpótí ìwé wọn: ṣé àwọn ọmọ ń rí i lò, àbí ó wà ní títì kí ìwé má baà ya? Ìwé tó ya nítorí pé ọmọ kà á ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ìwé tí ikán jẹ nínú àpótí kò ṣe nǹkan kan.

Ẹ̀karùn-ún, kí àwa ìyá náà kàwé. Inú Bíbélì ni a ti rí i pé ẹ̀kọ́ Tímótíù bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ Yùníìsì àti ìyá àgbà rẹ̀ Lóísì. Ọmọ tó bá rí ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́ kò nílò ìwàásù lórí ìwé kíkà. Èyí tí kò bá sì lè kà láàárín wa, kó má ṣe tijú. Kó pe ọmọ rẹ̀ kó wá ka ìwé náà sí i létí ní ìrọ̀lẹ́. Ọmọ yóò mọ̀ pé ohun pàtàkì ni òun ń ṣe, ìyá náà yóò sì gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀.

Ogun kó Àjàyí kúrò ní ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ kí ìyá náà tó kọ́ ọ ní ohun gbogbo tó yẹ kó kọ́ ọ. Ọlọ́run pèsè àwọn àjèjì tó kọ́ ọ, ó sì lo gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ láti rí i pé ọmọ ẹlòmíràn kò ní dúró dìgbà tí àjèjì bá dé. Àwọn ọmọ tiwa wà lọ́dọ̀ wa. Ogun kò kó wọn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a jókòó tì wọ́n kí òùngbẹ ìmọ̀ sì máa gbẹ wọ́n.

Kí Olúwa tó ṣí ojú Àjàyí sí ìwé ṣí ojú àwọn ọmọ wa. Kí ó fi ìfẹ́ ìmọ̀ sí wọn lọ́kàn, kí ó sì fún àwa ìyá wọn ní agbára àti owó tí a ó fi ṣe ojúṣe wa, ní orúkọ Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.